Jáàsì: ta ni kò kúrò nílé-iṣẹ́ àwo kan rí? (Ṣúyà wà nílẹ̀)

AdùnÒru
Ẹ kú ilé o. Èmi àti bàálé mi ta tẹ́tẹ́ lálẹ́ àná, mo sì ti ń fura pé màá jẹ gbèsè. Orin Horace Silver ló ń lọ nílé, ni mo bá là á mọ́lẹ̀ pé ọkùnrin yìí kò ṣe àwo fún ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀ àfi Blue Note. Bàálé mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí olórin jáàsì kan tó ti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wà nílé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé bí àgbẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ oko ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ àwo. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ó dáa, kí n mú ẹyọ ẹnì kan wá, òun á ra ìdì ṣúyà mẹ́rin ní Mọ́kọ́lá: ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tòun, méjì tàwọn ọmọ. Tí n kò bá rí ẹni náà, owó tèmi ló máa jáde. Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin àgbà orin.

Bàbá Élípíì
Àdùn ọmọ mi, tó bá jẹ́ Horace Silver lo gbójú lé, yáa máa ka owó ṣúyà sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó pẹ́ ní Blue Note. 1952 ló débẹ̀, ó sì lò ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọ́nká, òun ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé náà ń kú lọ, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Silveto. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe fún Columbia, ó tún ṣe fún Impulse. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ rí ohun tí mo kọ yìí.

AdùnÒru
Bàbá, ẹ̀yìn mi ló wà, ó ti kà á tán. Ó ń jó.

Kọ́lá Onífèrè
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí òfin, torí ìjà máa ṣẹlẹ̀ níbí. Tá a bá ní ká ka gbogbo ibi tí èèyàn ti fọn fèrè, títí kan ibi tó ti tẹ̀lé ọ̀gá ẹlòmíràn, ẹnì kankan ò ní yè é. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn lè bá lágbájá ṣeré láàárọ̀ kó tún wà ní sítúdíò tàmẹ̀dù lálẹ́, owó oúnjẹ ni. Àwo tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú páálí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ni ká máa kà.

AdùnÒru
Ó gbà. Ó ní kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe òfin yín tó, òun ló máa jẹ ṣúyà náà.

Ọmọ Àjídò
Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Babatunde Olatunji, onílù, ọmọ ìlú wa, Àjídò lẹ́bàá Badagry. John Hammond ló mú un wọ Columbia, Drums of Passion jáde ní 1960, gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́. Columbia, Columbia, Columbia. Mo ti parí ẹjọ́.

Kọ́lá Onífèrè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Columbia nilé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe àwo fún Paramount ní 1973, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, Rykodisc ló gbé iṣẹ́ tí òun àti Mickey Hart jọ ṣe jáde. Ilé mẹ́ta nìyẹn. N kò tíì wá fọwọ́ kan We Insist! tí Max Roach ṣe fún Candid ní 1960, tí ìlù Olatunji ń dún níbẹ̀ kedere.

Ọmọ Àjídò
Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé tí John Coltrane, àgbà onísasofóònù, ṣe kẹ́yìn tí wọ́n gbà sílẹ̀, níbo ló ti ṣe é? Nílé àṣà Olatunji ní Harlem ni, 23 oṣù kẹrin 1967. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Coltrane ti kú. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn rẹ ara mi lẹ́kún.

Ọmọ Peckham
Ẹnì kan lè ṣòro rí, ẹgbẹ́ ò ṣòro. Weather Report. Columbia ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ní 1971, Columbia náà ni wọ́n parí sí ní 1986, láàárín ìyẹn kò sí ilé kejì. Joe Zawinul, ọmọ Vienna, àti Wayne Shorter ni wọ́n di ọkọ̀ náà mú. Onílù ń bọ́ sílẹ̀, onílù ń wọlé bí èrò mólúè, oníbéèsì náà bẹ́ẹ̀ títí Jaco Pastorius fi wọlé ní 1976, àwọn méjèèjì ò kúrò nídìí ọwọ́ ọkọ̀.

Ẹ tún gba ti Keith Jarrett, Gary Peacock àti Jack DeJohnette. Oṣù kìn-ín-ní 1983 ni wọ́n wọ sítúdíò pọ̀ ní New York láti ṣe Standards, wọ́n ń ṣeré lọ títí di 2014, ECM ilé Manfred Eicher ní Munich ló gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Àbí Codona: Collin Walcott, Don Cherry, àti Naná Vasconcelos tó ń ta berimbau (ohun èlò olókùn kan bí ọrun), ọmọ Recife ní Brazil. Àwo mẹ́ta, ECM mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Walcott ní 1984, kò sì sí Codona mọ́.

AdùnÒru
Bàálé mi ti yí òfin padà o! Ó ní ẹgbẹ́ kì í ṣe èèyàn. Ó ní Jarrett fúnra rẹ̀ ti kọjá ní Atlantic, Columbia àti Impulse kó tó fìdí kalẹ̀ sí ECM, pé ẹgbẹ́ ni kò ṣí lọ, ọkùnrin náà ti ṣí lọ ṣí bọ̀. Mo ní ṣé òun ni mo bá ta tẹ́tẹ́ ni àbí lọ́yà.

Ọmọ Peckham
Jan Garbarek ńkọ́, onísasofóònù ọmọ Norway yẹn? ECM láti 1970 títí dòní.

Kọ́lá Onífèrè
Kò tó o. Esoteric Circle tó ṣe ní 1969, Flying Dutchman ló gbé e jáde. Ẹ ṣáà rí i, ibi tó máa ń já sí nìyẹn: èèyàn á jókòó sílé kan fún àádọ́ta ọdún, àwo ìgbà èwe kan á yọjú láti ibi tẹ́nì kan ò fojú sí.

Bàbá Élípíì
Ọkọ Àdùn ò gba ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ sọ ti ẹgbẹ́ kan kó tó di pé mo gbàgbé, torí ó wà lára ohun tó gbé mi wọ orin yìí. Bill Evans nídìí dùùrù, Scott LaFaro nídìí béèsì, Paul Motian nídìí ìlù. Riverside nìkan ló ní wọn. Wọ́n wọ sítúdíò lẹ́ẹ̀méjì, ní oṣù kejìlá 1959 àti oṣù kejì 1961. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti Village Vanguard ní New York, ọjọ́ Sunday, 25 oṣù kẹfà 1961. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin sí etí yín méjèèjì kí ẹ gbọ́ ọ. Ife ń kan ife. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó ò tilẹ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ń jẹun wọn. LaFaro ń sọ̀rọ̀ lórí béèsì bí ẹni pé òun àti Evans nìkan ló wà nínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ pa LaFaro. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Kò sáyè ilé-iṣẹ́ kejì.

Kọ́lá Onífèrè
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, àwọn ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí rédíò láti Birdland ní 1960 wà níta. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni. Riverside kọ́ ló gbé e jáde.

Bàbá Élípíì
Kọ́lá. Tí olè bá wá ká aṣọ mi lórí okùn, tó lọ tà á ní Gbági, ṣé èmi ni mo tajà? Ẹni tó jókòó sílé tó fi ẹ̀rọ gba rédíò sílẹ̀, Evans ò bá a tọwọ́ bọ ìwé, kò gbowó rẹ̀. Nǹkan tí olórin fọwọ́ ara rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ni ká máa kà.

Kọ́lá Onífèrè
Mo túúbá.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo kàn ń kà á ni, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níwájú mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Àbúrò mi fi àwo kan ránṣẹ́, ti Massey Hall ní Toronto, 1953. Dizzy Gillespie, Bud Powell, Mingus, Max Roach, gbogbo wọn ni mo mọ̀. Lórí sasofóònù wọ́n kọ Charlie Chan. Ọmọ Ṣáínà wo ló ń fọn fèrè báyìí?

Bàbá Élípíì
Ha! Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ débi ọ̀rọ̀. Charlie Parker ni. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú Norman Granz, ọ̀gá tó ń gbé àwo jáde, nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lórí àwo ẹlòmíràn. Debut ló sì gbé Massey Hall jáde, ilé-iṣẹ́ tí Mingus àti Roach fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Chan lorúkọ ìyàwó Parker. Ó yá orúkọ ìyàwó, gbogbo ayé sì mọ ẹni tó ni ohùn yẹn, torí kò sí ẹni méjì tó ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀.

Cannonball Adderley náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé Mercury ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó bá Louis Smith ṣeré lórí àwo tó wá bọ́ sọ́wọ́ Blue Note ní 1958. Wọ́n pè é ní Buckshot La Funke. Ẹ sọ fún mi, ta ni irú orúkọ yẹn tàn?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Louis Armstrong. Ní oṣù kọkànlá 1925, ní Chicago, ó bẹ̀rẹ̀ Hot Five fún OKeh: òun, Lil Hardin ìyàwó rẹ̀ nídìí dùùrù, Kid Ory, Johnny Dodds, Johnny St. Cyr. OKeh nìkan ló ni Hot Five. Oṣù karùn-ún 1926, àwọn márùn-ún yìí kan náà yọ́ wọlé lọ́dọ̀ Vocalion, wọ́n ṣe orin méjì, wọ́n fi orúkọ ìyàwó síwájú: Lil's Hot Shots. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ọ̀gá OKeh ránṣẹ́ pe Armstrong, ó gbé àwo náà sí i, ó ní ta ló ń kọrin yìí? Armstrong ní òun ò mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ
Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Ẹ óò bá mi tú u.

Ọmọ Peckham
Nípa orúkọ yíyí yìí, ẹ gbé èyí náà yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ Clifford Brown àti Max Roach, ilé EmArcy ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 1956, èèyàn márààrún kan náà ṣe àwo fún Prestige. Orúkọ Sonny Rollins ni wọ́n kọ síwájú, torí ìwé Rollins ló wà lọ́wọ́ Prestige. Ṣé ẹgbẹ́ náà kúrò nílé àbí kò kúrò?

Kọ́lá Onífèrè
Kò kúrò. Àlejò ló bá Rollins lọ jẹun.

Ọmọ Àjídò
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí wọn ò kàn ń fa ìwé ya kí wọ́n máa lọ?

Kọ́lá Onífèrè
Ẹ wo Miles Davis, onítọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Prestige ló di í mú. Columbia fẹ́ ẹ, wọ́n tilẹ̀ ti mú un wọ sítúdíò ní oṣù kẹwàá 1955, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan jáde títí ìwé Prestige á fi tán. Àwo mẹ́rin ló ṣì jẹ Prestige. Kí ló ṣe? Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Rudy Van Gelder, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀, ní Hackensack, ọjọ́ méjì péré, 11 oṣù karùn-ún àti 26 oṣù kẹwàá 1956. Orin tí wọ́n ti ń ṣe lálaalẹ́ ní kílọ́ọ̀bù ni wọ́n kàn tú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é. Gbèsè tán. Prestige ń yọ àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí di 1961, Miles sì ti ń di ìlú mọ̀ọ́ká ní Columbia. Àwo tó fi san gbèsè, òun làwa ń sáré rà dòní.

Van Gelder yẹn náà, pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni sítúdíò wà. Oníṣègùn ojú ni lójú mọmọ. Àfi 1959 ló tó kọ́ ibi tirẹ̀ sí Englewood Cliffs.

AdùnÒru
Ẹ dákun, mo gbádùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tèmi. Sonny Clark ńkọ́? Gbogbo tirẹ̀ tó wà nílé wa, Blue Note ni.

Ọmọ Peckham
Time Records, 1960, òun, George Duvivier àti Max Roach. Pẹ̀lẹ́.

Fred Jackson! Hootin' 'n Tootin', Blue Note, 1962. Kò tún ní àwo mìíràn lórúkọ ara rẹ̀.

AdùnÒru
Ó ní ẹni tó ní àwo kan ò lè ní ilé méjì, pé bí ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan ni, kí la fẹ́ fi bàtà kejì ṣe. Ó ní kí n mú ẹni tó ní ju ẹyọ kan lọ wá. Ọkùnrin yìí!

Ìyá Ìbejì Aránṣọ
Mo padà dé. Àbúrò mi ní kí n fi obìnrin kan kún un, Jutta Hipp, ọmọ Leipzig ní Jámánì. Ó dé New York ní 1955, ó tẹ dùùrù ní Hickory House, Blue Note gbé e jáde ní apá kìn-ín-ní àti ìkejì, ó tún ṣe ọ̀kan pẹ̀lú Zoot Sims ní 1956 kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó pa dùùrù dé. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ló lọ ń ṣiṣẹ́, títí ó fi dàgbà. Ó ti ṣe àwo ní Jámánì kó tó wá, nítorí náà kò lè gba ṣúyà fún Àdùn. Ṣùgbọ́n èmi aránṣọ ló mọ ohun tó wà nínú kí èèyàn tó tẹ dùùrù báyẹn lọ jókòó sídìí aṣọ. Mo ti gbọ́ àwo Zoot Sims yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀.

Kọ́lá Onífèrè
Ó yá, Àdùn, jókòó. Mo ti pa ẹni tèmi mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ torí mo fẹ́ kí bàálé rẹ kọ́kọ́ gbọ̀n gbogbo òfin inú àpò rẹ̀ tán. Tina Brooks.

Ọkùnrin ni o, onísasofóònù. “Teeny” ni wọ́n ń pè é ní kékeré torí ó kéré lára, ó wá di Tina. Wọ́n bí i ní 1932 ní Fayetteville, North Carolina. Èmi náà ń fọn sasofóònù, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òṣogbo, mo sì fẹ́ sọ fún yín bó ṣe ń dún. Àwọn onísasofóònù tenor ìgbà náà, púpọ̀ nínú wọn ń lé ni bí àrá. Brooks kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí, ó máa fà á gùn kọjá ibi tó o rò pé á ti mí, ẹkún wà nídìí ohùn náà ṣùgbọ́n kò sunkún. Mo ti gbìyànjú àdáṣe rẹ̀ lórí “Good Old Soul” fún ọdún kan. Mo mọ gbogbo nóòtì rẹ̀. Kò sì dún bẹ́ẹ̀.

Àwo mẹ́rin ló ṣe lórúkọ ara rẹ̀ láàárín 1958 àti 1961, Blue Note ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. True Blue nìkan ló jáde lójú ayé rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní 25 oṣù kẹfà 1960. (Bàbá Élípíì, ẹ wo ọjọ́ yẹn: ọdún kan géérégé ṣáájú Village Vanguard yín.) Freddie Hubbard ló fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, Brooks ló bá Hubbard ṣe Open Sesame, òun ló sì kọ orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Mẹ́ta yòókù, wọ́n kó wọn sí àká. Back to the Tracks tiẹ̀ ti ní páálí tí wọ́n yà tán, ó ti ní nọ́ńbà, wọn ò gbé e jáde. Lẹ́yìn 1961 kò tún wọ sítúdíò mọ́. Oògùn olóró gbé e dè. Ó kú ní 1974, ọmọ ọdún méjìlélógójì. Japan ló kọ́kọ́ yọ Minor Move sáyé ní 1980, nígbà tó sì di 1985, ilé-iṣẹ́ Mosaic kó gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí kan.

Bàbá Élípíì
Kọ́lá, o ṣe é. N kò ní nǹkan kan láti fi kún un ju pé mo ní True Blue tí ọkùnrin kan tà fún mi pé ti 1960 gangan ni. Owó gidi ni mo san. Mo dé ilé, mo yí ẹ̀yìn páálí, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ń kà ní ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé wà níbẹ̀ rekete. Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Orin ò mọ̀ pé wọ́n lù mí ní jìbìtì.

Ọmọ Peckham
Èèyàn máa ń rò pé ìfẹ́ ló mú wọn dúró sílé kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Brooks. Ilé mìíràn kankan ò pè é.

Kọ́lá Onífèrè
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gba ti Alfred Lion, ọ̀gá Blue Note, lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìgbà náà, o wọlé, o fọn, o gbowó, o lọ. Blue Note ń sanwó ìgbáradì kí ọjọ́ sítúdíò tó pé. Ẹni tó ń kọ orin tuntun bíi Brooks, ibẹ̀ ni orin rẹ̀ ti lè jinná. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n ni àká yẹn.

AdùnÒru
Ó ti dákẹ́ o! Ó wá sọ pé Brooks wà lórí àwo Felsted kan pẹ̀lú Howard McGhee ní 1960. Mo ní ta ni orúkọ rẹ̀ wà níwájú páálí? Ó ní McGhee. Mo ní òfin ńkọ́? Ó ń wá bàtà.

Ọmọ Peckham
Kó má tíì jáde. Mo ní ọmọ Yorùbá kan nílẹ̀, sídìí rẹ̀ ni mo wà láti àná. Solomon Ilori.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní The African Beat tí Art Blakey ṣe fún Blue Note ní 1962, àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Ilori sí i. Ní oṣù kẹrin 1963, Blue Note kan náà fún un ní àwo tirẹ̀, African High Life. Sítúdíò Van Gelder tí Coltrane ń wọ̀ ni ọmọ wa wọ̀, ó ń kọrin, ó ń lùlù, ó ń fọn fèrè kékeré. Orin àkọ́kọ́ ni “Ise Oluwa”. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road, mo ń gbọ́ Ìṣẹ́ Olúwa látinú ilé tó bí Sonny Clark àti Lee Morgan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. “Jojolo” wà níbẹ̀, “Aiye Le” wà níbẹ̀.

Wọ́n tún mú un wọlé ní 1964. Ẹ wo àwọn tó bá a ṣeré: Donald Byrd lórí tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, Hubert Laws lórí fèrè, Bob Cranshaw lórí béèsì, Elvin Jones, onílù Coltrane, nídìí ìlù. Orin mẹ́ta. Àká náà ni wọ́n kó o sí! Àfi 2006 tí wọ́n tún àwo náà ṣe sí CD ni wọ́n tó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún un.

Bàbá Élípíì
Ká orúkọ orin mẹ́ta yẹn fún mi.

Ọmọ Peckham
“Gbogbo Omo Ibile.” “Igbesi Aiye.” Ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rèé: “Agbamurero”.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ
Kí ni Agbamurero? Àgbà mú rẹ̀rọ̀?

Ọmọ Peckham
Wọ́n kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹranko oníwo lórí imú. Àgbáǹréré ni, ìyá mi!

Ìyá Ìbejì Aránṣọ
Yé è. Àgbáǹréré di Agbamurero. Akọ̀wé wo ló gbọ́ ọ lẹ́nu Ilori tó kọ ìyẹn sílẹ̀?

Ọmọ Àjídò
African High Life nìkan ló ní lórúkọ ara rẹ̀ bí ọ̀gá, àbí?

Ọmọ Peckham
Òun nìkan. Blue Note nìkan.

AdùnÒru
Bàálé mi ní àwo kan náà ni, òfin ẹlẹ́sẹ̀ kan dè é. Ó tún ní háíláìfù ni, kì í ṣe jáàsì.

Bàbá Élípíì
Sọ fún un pé Elvin Jones ló wà nídìí ìlù ní 1964. Tó bá jẹ́ háíláìfù ni Elvin ń lù, kó wá jókòó tì mí ní Abẹ́òkúta kí n gbé e sí i. Ti òfin ẹlẹ́sẹ̀ kan, ìgbà méjì ni ọmọ náà wọ sítúdíò, ọdún kan ààbọ̀ láàárín wọn. Èmi ka ẹsẹ̀ méjì.

AdùnÒru
Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó ti jáde.

Ọmọ Àjídò
Ẹ bá mi fi àlùbọ́sà púpọ̀ sí i.

AdùnÒru
Ó ti dé láti Mọ́kọ́lá. Ìdì ṣúyà mẹ́rin ló rà lóòótọ́. Ìdì kan ló gbé síwájú mi, ó kó mẹ́ta yòókù sí fíríìsà, ó ti í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní òfin Tina Brooks ni òun ń tẹ̀ lé, pé Japan máa kọ́kọ́ yọ ọ̀kan sáyé tó bá di 1980.